Telescope Peak: Kí ló dé tí yìnyín fi ń bo òkè tó wà lórí aṣálẹ̀ tó gbóná jù láyé?

Lọ́jọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 1913, ooru tí wọ́n wọ̀n ní Furnace Creek, ní àfonífojì Death Valley ní ìpínlẹ̀ California, gun ìwọ̀n 56.7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Títí dòní, òun ni WMO, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, kọ sílẹ̀ bí ooru tó ga jù láyé. Síbẹ̀, ẹni tó bá dúró níbẹ̀ nígbà òtútù, tó gbójú sí gúúsù ìwọ̀ oòrùn, yóò rí òkè tí yìnyín bò lórí. Telescope Peak nìyẹn.

Òkè yìí ló sọ àfonífojì náà di ohun tó dà, òun àtàwọn òkè ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ibi kan ń rì, ibi kan ń ga

Telescope Peak fi mítà 3,368 ga ju ojú òkun lọ. Badwater Basin, pẹ̀tẹ́lẹ̀ oníyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju òkun lọ, kò sì sí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún ni ilẹ̀ agbègbè náà ti ń fà gbọọrọ, tó sì ń sán. Bí apá kan ṣe ń rì, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń ga.

Níbo ni òjò gbà lọ?

Láti òkun Pàsífíìkì ni atẹ́gùn ti ń gbé omi bọ̀. Àmọ́ òkè Sierra Nevada àtàwọn òkè mìíràn dábùú ọ̀nà rẹ̀. Bó ṣe ń gùn wọ́n ló ń tutù, tó sì ń rọ òjò rẹ̀ dànù. Nígbà tó bá fi dé Death Valley, ó ti dà bí aṣọ tí wọ́n ti fún omi rẹ̀ tán. Òjò ọdún kan níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ.

Atẹ́gùn gbígbẹ náà tún ń gbóná sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ń gòkè, ooru máa ń dín kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí orí òkè náà fi lè fi ohun tó lé ní ogún ìwọ̀n tutù ju ìsàlẹ̀ lọ.

Ojú ọ̀nà

Mahogany Flat, tó ti ga ní nǹkan bíi mítà 2,480, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kìlómítà mọ́kànlá ni àlọ, mọ́kànlá ni àbọ̀. Ọ̀nà náà gba inú igi pinyon àti juniper títí dé Arcane Meadows. Láti ibẹ̀, orí òkè gbọọrọ ló ń tẹ̀ lé: Death Valley lápá ìlà oòrùn, Panamint Valley lápá ìwọ̀ oòrùn. Nítòsí góńgó ni igi bristlecone wà. Ọ̀kan lára irú igi yìí, ní White Mountains ní California kan náà, ti lé ní 4,800 ọdún.

Àwọn ará Timbisha Shoshone ti mọ àǹfààní òkè náà tipẹ́. Bí ooru bá dé, wọ́n á kó gòkè. Wọ́n sì ń ṣa èso pinyon jẹ. Ọdún 2000 ni òfin Amẹ́ríkà dá apá kan ilẹ̀ wọn padà fún wọn.

Kí ló yẹ kí arìnrìn-àjò mọ̀?

Kò sí omi kankan lójú ọ̀nà náà. Ó kéré tán, lítà mẹ́rin ló yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé dání. Nígbà òtútù, yìnyín lè mú kí ọ̀nà náà yọ̀, tí kò ní ṣeé gùn láìsí irinṣẹ́ tó yẹ. Nígbà ooru sì rèé, orí òkè ṣeé rìn, àmọ́ àwọn alámòójútó ọgbà ìjọba tó wà ní Death Valley kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́wàá àárọ̀. Ooru ibẹ̀ ti pa àlejò rí. Ẹ má ṣe fi ojú ọjọ́ òkè ṣe òṣùwọ̀n ti ìsàlẹ̀, ẹ má sì fi ti ìsàlẹ̀ ṣe ti òkè: ẹ wádìí méjèèjì kí ẹ tó gbéra.