Ọmọ Tí Àrùn Ọkàn Bá Wáyé: Ẹ Ṣọ́ Ọpọlọ Rẹ̀ Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ìyá Àpòmù, nínú ọmọ 1,000 tí a bí, ó tó 8 tí ọkàn wọn ní àbùkù láti inú oyún. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa làágùn nídìí ọmú, a máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ètè ẹlòmíràn a dúdú bí aró. Ẹ má pè é ní àbíkú.

Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé atẹ́gùn lọ sí ọpọlọ. Bí ọkàn kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ọpọlọ lè má dàgbà bó ti yẹ. Ọmọ lè pẹ́ kí ó tó rìn tàbí sọ̀rọ̀. Ìwé sì lè nira fún un, kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Iṣẹ́ abẹ lè tún ọkàn ṣe, síbẹ̀ ẹ má dẹ́kun àyẹ̀wò.

Bí ọmọ kò bá dá jókòó ní oṣù 9, tàbí tí kò rìn ní oṣù 18, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ilé ìwòsàn ńlá Ifẹ̀ àti U.C.H. Ìbàdàn, tí a ṣí ní 1957, kò jìnnà sí yín. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa bá a ṣeré, kí ẹ sì sọ fún olùkọ́ rẹ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.