Kí ni ilé owó ń wò kí ó tó yá wa lówó?

Ọ̀rọ̀ owó yíyá ni a fẹ́ sọ lónìí.

Nígbà tí iṣẹ́ oko bá dé, a máa ń wá owó alágbàṣe, owó ajílẹ̀ àti owó èbù iṣu. Ẹlòmíràn a gba báǹkì lọ, tàbí ilé owó àwọn àgbẹ̀ bíi CLCAM. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n á kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n á ní kí ó lọ, kí ó padà wá. Nígbà tí ó bá padà dé, wọ́n lè sọ pé kò ṣeé ṣe. Inú á bí i. Á ní: “Gbogbo ìlú ló mọ̀ mí. Oko mi tóbi ju ti lágbájá tí wọ́n yá lówó lọ. Kí ni mo ṣe?”

Ẹni tí ilé owó kọ̀ a máa gba ọ̀dọ̀ oníṣòwò lọ. Á ta kajú rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà ní òdòdó lórí igi, ní iye tí kò tó nǹkan. Nígbà tí kajú bá gbó, èrè ti di ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilé owó ń wò.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: ohun tí ìlú mọ̀ nípa wa kọ́ ni ilé owó ń kà. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n ń kà.

OWÓ TA NI WỌ́N Ń YÁNI?

Owó tí ilé owó ń yá wa, owó àwọn ará wa tí wọ́n fi pamọ́ síbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó yá a kò bá san, ẹni tí ó fi pamọ́ lè pàdánù.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa. Ní ọdún 1975, ìjọba dá báǹkì àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. CNCA ni orúkọ rẹ̀. Ìjọba tún ní báǹkì méjì mìíràn, BCB àti BBD. Wọ́n yá àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba àti àwọn ènìyàn ńlá lówó, wọn kò sì wò ó dáadáa bóyá wọ́n á lè san án. Púpọ̀ nínú owó náà kò padà wá. Kí ọdún 1990 tó dé, báǹkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣubú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fi owó pamọ́ síbẹ̀ lọ, wọn kò rí i gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ́ títí kí wọ́n tó rí owó oṣù wọn. Àwọn CLCAM kéékèèké kò pa rẹ́. Wọ́n para pọ̀, wọ́n sì dá FECECAM sílẹ̀ ní ọdún 1993.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bi wá ní ìbéèrè púpọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra wa.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

Ilé owó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tirẹ̀, wọn kì í sì í sábà fi ìwé ìṣirò wọn han oníbàárà. Ṣùgbọ́n káàkiri ayé, ìbéèrè márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń wá ìdáhùn sí.

1. Ṣé ẹni yìí máa ń san gbèsè? Wọ́n á wo owó tí ó ti yá rí. Ṣé ó san án pé? Ṣé ọjọ́ tí ó dá ni ó san án? Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbẹ̀fà.

2. Ṣé agbára rẹ̀ gbé e? Wọ́n á ka owó tí ń wọlé, wọ́n á yọ owó tí ń jáde kúrò. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Obìnrin kan ń pa 40,000 fáráńkì lóṣù. Oúnjẹ, owó ilé ìwé àti oògùn ń gba 28,000. Ó ṣẹ́ ku 12,000. Bí owó tí yóò máa san lóṣù bá jẹ́ 10,000, ó lè san án. Bí ó bá jẹ́ 15,000, kò lè san án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn.

3. Kí ni òun fúnra rẹ̀ ti kó jọ? Wọ́n á wo ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń fi 1,000 fáráńkì sílẹ̀ ní ọjọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, ìwé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ rere fún un. Ẹni tí ó mú owó ńlá wá lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ ní ọjọ́ kejì, ìwé rẹ̀ kò sọ nǹkan púpọ̀.

4. Bí kò bá rí i san, kí ni yóò dúró fún owó náà? Ó lè jẹ́ ohun ìdógò, ó lè jẹ́ onídùúró, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹ́. Ilẹ̀ bàbá wa tí kò ní ìwé, gbogbo ìlú lè mọ̀ pé tiwa ni, síbẹ̀ ó ṣòro fún ilé owó láti gbà á.

5. Kí ni ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ìgbà wo ni èrè rẹ̀ yóò dé? Oṣù kejì sí oṣù karùn-ún ni a sábà máa ń ṣa kajú. Ẹni tí kò ní ju kajú lọ, tí ó wá gbà láti san ní oṣù kẹwàá, níbo ni yóò ti rí i?

Àwọn kan máa ń fún ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì, bí olùkọ́ ṣe ń fún ọmọ ilé ìwé. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Àwa la ṣe é, kì í ṣe ti báǹkì kankan. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20.

Bàbá kan ní oko kajú ńlá. Ṣùgbọ́n ó ti yá owó kan rí, kò tíì san án tán. Máàkì rẹ̀: 0, 3, 1, 3, 3. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 10.

Ìyá kan ń ta gààrí àti òrí. Ọjà rẹ̀ kò tóbi. Ṣùgbọ́n ó ń fi owó pamọ́ déédéé, kò sì jẹ gbèsè ẹnikẹ́ni. Máàkì rẹ̀: 4, 2, 3, 2, 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 15.

Ìyá náà ni wọn yóò yá lówó. Oko bàbá tóbi, ṣùgbọ́n gbèsè àná dínà fún un.

ÌWÉ TÍ Ó Ń RÌN KÁÀKIRI

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó jẹ gbèsè ní ilé owó kan lè lọ yá òmíràn ní ibòmíràn. Ó ti ń ṣòro báyìí. Láti ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ kan tí à ń pè ní BIC ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ń ná fáráńkì kan náà pẹ̀lú wa ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn báǹkì àti ilé owó kéékèèké ń kọ ránṣẹ́ sí i: ẹni tí ó yá owó, iye tí ó yá, bí ó ṣe ń san án. Gbèsè tí a kò san níhìn-ín, wọ́n lè rí i ní Kòtónú. Sísan tí a san dáadáa, wọ́n lè rí i bákan náà.

Ní Amẹ́ríkà, èyí ti pẹ́. Láti ọdún 1989 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà kan sọ irú olùgbèsè tí ènìyàn jẹ́. Nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ láti 300, ó dé 850.

Ẹ̀tọ́ wà fún wa nínú ọ̀rọ̀ BIC yìí. Nígbà tí BIC bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba àṣẹ wa kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ wa ránṣẹ́ síbẹ̀. A lè ní kí wọ́n fi ohun tí wọ́n kọ nípa wa hàn wá. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, a lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín rí bákan náà nínú gbogbo ìwé yín. Bí lẹ́tà kan bá yàtọ̀, wọ́n lè rò pé ènìyàn méjì ni.

Ẹ máa fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀. Ení tere, èjì tere, lọjà fi ń kún.

Nígbàkigbà tí ẹ bá san owó, ẹ gba ìwé ẹ̀rí. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹ yan ọjọ́ ìsanwó tí ó bá ìgbà ìkórè yín mu. Bí òjò bá kọ̀, tàbí bí àìsàn bá dé, ẹ lọ sọ fún wọn kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má ṣe sá.

Ẹ ro ó dáadáa kí ẹ tó dúró fún ẹlòmíràn. Àwọn tí ó gbin òwú nínú ẹgbẹ́ mọ èyí. Nígbà kan rí, bí ẹnì kan kò bá san owó ajílẹ̀, owó òwú àwọn yòókù ni wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀. Ìjà pọ̀ lórí rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ abúlé.

Bí wọ́n bá kọ̀ láti yá yín lówó, ẹ béèrè pé: “Kí ni ó kù? Kí ni kí n tún ṣe?” Kì í ṣe ìtìjú.

Orúkọ rere tí a ní ní ìlú dára. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú kí ó wọ inú ìwé pẹ̀lú.

ÌBÉÈRÈ FÚN KÍLÁÀSÌ

1. Kí ló dé tí wọ́n yá ìyá náà lówó, tí wọn kò yá bàbá náà?
2. Bí bàbá náà bá san gbèsè rẹ̀ tán, tí wọ́n sì fún un ní máàkì 3 dípò 0, mélòó ni gbogbo máàkì rẹ̀ yóò jẹ́?
3. Ẹ kọ owó tí ń wọlé fún yín lóṣù yìí sílẹ̀, àti èyí tí ń jáde. Mélòó ló ṣẹ́ kù?

Ó di ọjọ́ mìíràn.