Ìgbà Tí Ara Le Ni À Ń Dá Owó Àìsàn: Ojúṣe Ìdílé Nínú Adójútòfò Ìlera



Nígbàkigbà tí a bá mẹ́nu ba ètò adójútòfò ìlera láàrin àwọn obìnrin ọjà tàbí ní ìpàdé ẹbí, ìbéèrè kan kì í pẹ́ jáde. Ẹnìkan yóò dìde, yóò sì wí pé: "Ara mi le. Èmi kì í mu sìgá, n kì í mu ọtí, mo sì ń tọ́jú àwọn ọmọ mi. Kí ni ìdí tí n ó fi san owó tí a ó fi wo ẹni tí kò tọ́jú ara rẹ̀ sàn?" Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n dání ni. Ẹni tí ó béèrè rẹ̀ kì í ṣe ahun, nítorí owó ṣòro láti rí, kò sì sí ìyá tí kò mọ iye tí ó fi se ọbẹ̀ lánàá. Nítorí náà, ó yẹ kí a dá a lóhùn ní kíkún.

ÒRU KAN, ÌYÁ MÉJÌ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá méjì. Ọ̀kan ń ta aṣọ ní Ọjà Akẹ̀sán ní ìlú Ọ̀yọ́. Èkejì ń ta èlùbọ́ ní Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn méjèèjì ni ó lóyún, àwọn méjèèjì ni ó sì ń lọ fún ìtọ́jú aboyún bí ó ti yẹ. Ìrọbí mú wọn ní òru, ọmọ kò sì tètè wá, ọ̀rọ̀ wá di ti iṣẹ́ abẹ.

Ọkọ ìyá aláṣọ ní láti wá owó àsansílẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kan ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Alájọ ìyàwó rẹ̀ kò lè dé kí ilẹ̀ tó mọ́. Aago méjì òru di aago mẹ́rin. Ìyá eléèlùbọ́ ní tirẹ̀ mú káàdì adójútòfò jáde, wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò nínú ìwé, wọ́n sì gbé e wọlé lọ́gán.

Kì í ṣe pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí jẹ́ ọlọ́gbọ́n kí èkejì jẹ́ aláìbìkítà. Àwọn méjèèjì ló tọ́jú ara wọn. Wákàtí méjì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti kọ́ wa pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bá ń dà gidigidi lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá láàrin wákàtí méjì péré bí kò bá rí ìtọ́jú. Ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de ẹni tí ń yá owó kiri.

KÌ Í ṢE ÈSÚSÚ

Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́ Yorùbá ní dídá owó jọ. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Ọ̀yọ́, kọ nípa èsúsú sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, àṣà náà sì ti wà tipẹ́ kí ó tó kọ ọ́. Ṣùgbọ́n adójútòfò kì í ṣe èsúsú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́.

Nínú èsúsú, iye tí o bá dá ni ìwọ yóò kó nígbà tí ó bá kàn ọ́. Nínú adójútòfò, ẹni tí àìsàn bá kọlù ni a ń fi owó náà tọ́jú. Ẹni tí ara rẹ̀ bá le jálẹ̀ ọdún kò ní gba owó kankan padà. Ìdáàbòbò ni ó fi owó rẹ̀ rà, ó sì ti lò ó ní gbogbo òru tí ó sùn láìbẹ̀rù. Ọ̀wẹ̀ ni ó jọ. Bí ìjì bá ká òrùlé aládùúgbò wa lọ, gbogbo wa a péjọ bá a tún un kọ́. Kò sí ẹni tí yóò wá sọ pé òun pàdánù nítorí pé ìjì kò ká òrùlé tirẹ̀.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ kò ní gbàgbé ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí iná jó Ọjà Akẹ̀sán. Iná náà kò béèrè ẹni tí ó ṣọ́ra àti ẹni tí kò ṣọ́ra kí ó tó jó ìsọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn rí. Òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀tá. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

ẸNI TÍ Ń MÚ KÍ OWÓ NÁÀ WỌ́N

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe iye tí ìjọba ń gbà. Ká ní 100 ìdílé ní àdúgbò kan dá ₦10,000 kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Owó náà di ₦1,000,000. Ní ọdún náà, ìdílé 5 nílò iṣẹ́ abẹ tí ó jẹ́ ₦150,000 lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan: ₦750,000 nìyẹn. Ìdílé 20 gba ìtọ́jú ibà ní ₦10,000 kọ̀ọ̀kan: ₦200,000 nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦950,000. Owó náà tó, díẹ̀ sì ṣẹ́kù.

Ní báyìí, ká ní àwọn ènìyàn àdúgbò náà pa àwọ̀n ẹ̀fọn tì, wọ́n sì jẹ́ kí omi dúró nínú gọ́tà. Ibà mú ìdílé 40 dípò 20. Ìnáwó di ₦1,150,000. Bí àpò náà kò bá gbọdọ̀ gbẹ, ìdílé kọ̀ọ̀kan yóò san ₦11,500. Nítorí náà, òótọ́ ni ẹni tí ó bi wá ní ìbéèrè sọ. Àìbìkítà ẹnì kan ń mú owó ẹlòmíràn lọ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì. Ká ní àwọn ènìyàn kò pa àwọ̀n tì rárá, àmọ́ ìdílé 50 tí ara wọn le sọ pé, "Kò kàn wá," wọ́n sì kúrò nínú ètò náà. Àwọn tí ó kù ni àwọn tí àìsàn wà lọ́dọ̀ wọn. Ìnáwó ṣì jẹ́ ₦950,000, ṣùgbọ́n ìdílé 50 péré ni yóò san án. Ó di ₦19,000 fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí kò lágbára láti san ₦19,000 yóò jáde, yóò tún wọ́n sí i fún àwọn tí ó kù, títí ètò náà yóò fi wó.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Àìbìkítà fi ₦1,500 kún owó ìdílé kan. Bí àwọn tí ara wọn le ṣe kúrò fi ₦9,000 kún un. Ẹni tí ó ń sọ pé òun kò fẹ́ ru ẹrù aláìbìkítà, tí ó sì dúró sí ìta títí àìsàn yóò fi dé, òun gan-an ni ó ń di ẹrù tí ó wúwo jù lé àwọn ẹlòmíràn lórí. Ojúṣe àkọ́kọ́ nínú adójútòfò ni pé kí a wọlé nígbà tí ara ṣì le. Ìdí kan náà ni ọ̀pọ̀ ètò fi ní iye ọjọ́ tí ẹni tuntun gbọ́dọ̀ dúró kí káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ó dúró di ọjọ́ ìrọbí ti pẹ́ jù.

OJÚṢE INÚ ILÉ

Ojúṣe kejì wà nínú ilé wa. Káàdì adójútòfò kì í lé ẹ̀fọn, kì í sì í se omi.

Ẹ jẹ́ kí aboyún àti ọmọ kékeré máa sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn ní alaalẹ́. Ẹ fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìfi omi tàbí àgbo kún un. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé: nígbà tí a bá bí i, ní ọ̀sẹ̀ 6, ní ọ̀sẹ̀ 10, ní ọ̀sẹ̀ 14, ní oṣù 9 àti ní oṣù 15. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, ẹ tètè fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí a pò bí òṣìṣẹ́ ìlera ti kọ́ yín, pẹ̀lú oògùn zinc fún ọjọ́ 10 sí 14, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn bí ojú rẹ̀ bá jìn tàbí bí kò bá lè mumi.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ìbáà ṣe pé nǹkan kan kò dùn yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ní i láìmọ̀. Iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lọ, iyọ̀ inú magí sì wà nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ má ṣe yá aládùúgbò ní káàdì yín. Bí àánú rẹ̀ bá ṣe yín, ẹ mú un lọ fi orúkọ sílẹ̀ fún tirẹ̀.

Àwọn aládùúgbò wa ní Ìpínlẹ̀ Kwara ti fi hàn pé ojúṣe inú ilé àti káàdì ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ní ọdún 2007, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ àti ìdílé wọn ní Shonga, ó sì dé agbègbè Afọ́n ní ọdún 2009. Àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru níbẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀ ju ti àwọn ará ibi tí ètò náà kò sí lọ. A lè gba ènìyàn nímọ̀ràn pé kí ó máa lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí oògùn náà rà.

Ẹ MÁ ṢE DÁ ALÁÌSÀN LẸ́BI

Níbí ni a ti gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ojúṣe kì í ṣe pàṣán tí a ó fi máa na aláìsàn. Ọmọ tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò yan ẹ̀jẹ̀ tí a fi bí i. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ wọn ní SS. Ojúṣe àwọn ọ̀dọ́ ni láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bí ọmọ náà, ọmọ gbogbo wa ni, ìtọ́jú rẹ̀ sì tọ́ sí i.

Bákan náà ni ẹni tí ọkọ̀ gbá ní òpópónà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àti ìyá tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nítorí oyún. Ẹni tí ó ń mu sìgá pàápàá, ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn ni yóò jẹ́ kí ó fi í sílẹ̀. Bí a bá lé e jáde, a kò ní dín ìnáwó kù. Àìsàn rẹ̀ yóò kàn pọ̀ sí i ni, àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sì ru gbèsè rẹ̀.

OJÚṢE ÌJỌBA, OJÚṢE YÍN

Àwọn àgbà kan a máa béèrè pé, ṣebí ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú nígbà kan? Òótọ́ ni. Ní àkókò Gómìnà Bọ́lá Ìgè, láti ọdún 1979 sí 1983, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n àpò ìjọba nìkan ni ó gbé e, nígbà tí àpò náà sì fẹ́lẹ́ lẹ́yìn náà, owó ìtọ́jú padà sí ọrùn aláìsàn. Adójútòfò ni ọ̀nà láti pín ẹrù náà, kí ó má bàa wó lé ìjọba nìkan tàbí lé aláìsàn nìkan lórí.

Ètò adójútòfò ìlera orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀ jù lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun tí ó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ẹni tí ń gbé Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ wa, Àjọ Adójútòfò Ìlera Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí a mọ̀ sí OYSHIA, ni ó ń bójú tó o. Ẹni tí kò ní iṣẹ́ oṣù, àgbẹ̀, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ inú rẹ̀. Fún àwọn tí kò ní rárá, owó kan wà tí òfin ìlera ti ọdún 2014 yà sọ́tọ̀, láti inú èyí tí a ti ń san ti àwọn tálákà tí a bá fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta: àìsàn wo ni káàdì náà bò, ilé ìwòsàn wo ni a ó ti lò ó, ọjọ́ wo ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Bí ilé ìwòsàn bá kọ káàdì yín, tàbí tí wọ́n gba owó tí kò yẹ, ẹ fi ẹjọ́ sun àjọ náà. Ẹni tí ó san owó ní ẹ̀tọ́, kì í ṣe àánú ni a ń ṣe é.

Bí owó náà bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin obìnrin ọjà, ẹ sọ fún alájọ yín kí ó ya ti adójútòfò sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin baálé, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún ìyàwó nìkan.

Nítorí náà, fún ẹni tí ó béèrè pé kí ni ìdí tí òun yóò fi sanwó, ìdáhùn wa nìyí: ẹ̀yin tí ara yín le lónìí ni òpó tí ó gbé ilé náà dúró. Bí ọjọ́ tiyín bá dé, òpó mìíràn yóò gbé yín. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.