Owó Tí A Fi Di Ilé Mú Kì Í Ṣe Ọrẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ilé sì ni pẹ̀lú. Bí kò bá kan ẹ̀yin fúnra yín, ó lè kan ọmọ yín, tàbí àbúrò yín, tàbí ìyàwó ọmọ yín tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Manchester, tí ń wá ilé tí yóò kó àwọn ọmọ rẹ̀ sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì kà á sétí ẹni tí kò ráyè kà á.

Àbúrò mi obìnrin kan ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, yàrá kan ṣoṣo sì ni gbogbo wọn ń sùn. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, òun náà ń tọ́jú àwọn arúgbó lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó rí ilé oníyàrá méjì kan nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà. £1,300 ni owó ilé náà lóṣù. Ejẹ́ǹtì tí ń bá onílé wá ayálégbé wí fún un pé, “Ìyáàfin, àwọn mìíràn ti ń wò ó. Bí ẹ bá fẹ́ kí a dì í mú fún yín, ẹ san £300 lónìí.” Ọjọ́ Àtìní ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi tu £300 yìí jọ. Ó san án láti inú báńkì, ó kọ gbogbo ìwé tí wọ́n ní kí ó kọ, ó sọ òtítọ́ nípa iṣẹ́ rẹ̀ àti owó tí ó ń gbà. Ó tilẹ̀ ti ń bá àwọn ọmọ sọ ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan yóò tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí.

Nígbà tí ó di Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ kejì, ejẹ́ǹtì pè é pé onílé ti fi ilé náà fún ẹlòmíràn. Àbúrò mi ní kò burú, kí wọ́n dá owó òun padà. Wọ́n ní kò ní pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò rí owó, kò rí ìwé. Nígbà tí ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá níbẹ̀ wí fún un pé, “Ìyáàfin, ìwádìí tí a ṣe nípa yín ni a ná owó náà sí. Kì í padà.”

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń rí lára. Ó padà sílé, ó ń sunkún, ó ní òun fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pàdé ní àsáláátù ọjọ́ Sunday, ìyá kan tí ó ti pẹ́ ní ìlú náà rí i pé ojú rẹ̀ kò dùn. Ó bi í, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá náà ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó sọ fún ọ pé owó náà ti lọ? Fi wọ́n sílẹ̀ fún Ọlọ́run lẹ́yìn tí o bá ti kọ ìwé sí wọn. Àmánà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ. Òfin wà lórí rẹ̀.”

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ní England, òfin kan wà tí à ń pè ní Tenant Fees Act 2019. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin náà kò jẹ́ kí ejẹ́ǹtì tàbí onílé gba owó ìwádìí mọ́ lọ́wọ́ ayálégbé, kò sì jẹ́ kí wọ́n gba owó ìwé kíkọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé òun ti ná owó yín sí ìwádìí, ẹnu ara rẹ̀ ni ó fi ń jẹ́wọ́.

Owó tí a fi ń di ilé mú yìí, holding deposit ni wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ẹ má ṣe fi í pe owó ìdógò ńlá tí à ń san nígbà tí a bá ń wọlé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Owó ìdimú kò gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ kan lọ. Báyìí ni ẹ óò ṣe ṣírò rẹ̀: ẹ sọ owó oṣù kan di ìlọ́po 12, kí ẹ wá pín in sí ọ̀nà 52. Ilé tí àbúrò mi rí, £1,300 lọ́nà 12 jẹ́ £15,600. Bí a bá pín in sí 52, ó di £300 géérégé. Ejẹ́ǹtì tí ó bá bèèrè ààbọ̀ owó oṣù ti rú òfin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gbọdọ̀ gba owó ìdimú lórí ilé kan náà lọ́wọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́ 15 ni òfin fún wọn láti parí ọ̀rọ̀, a sì ń ka ọjọ́ tí owó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ mọ́ ọn. Bí ẹ bá san án ní ọjọ́ kìíní oṣù, ọjọ́ 15 oṣù náà ni ó pé, àyàfi bí ẹ̀yin méjèèjì bá jọ fi ọwọ́ sí ọjọ́ mìíràn nínú ìwé. Bí ilé bá bọ́ sí i, wọ́n ní láti dá owó náà padà láàárín ọjọ́ 7, tàbí kí ẹ gbà pé kí wọ́n kà á mọ́ owó ilé àkọ́kọ́ tàbí mọ́ owó ìdógò. Bí onílé bá yí ọkàn padà, láàárín ọjọ́ 7 náà ni. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá láìsí àdéhùn, láàárín ọjọ́ 7 náà ni.

ÌGBÀ TÍ WỌ́N LÈ MÚ UN DÁNÍ

Kí ẹ má bàa rò pé òfin fi ayálégbé ṣe ọba, ẹ jẹ́ kí n sọ ìhà kejì. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó yìí lè gbà sọnù mọ́ yín lọ́wọ́.

Èkíní, bí ẹ bá yí ọkàn padà kí ọjọ́ tó pé, tí ẹ ní ẹ kò fẹ́ ilé mọ́. Èkejì, bí ẹ bá purọ́ tàbí tí ẹ sọ ohun tí ó ṣi onílé lọ́nà, tí ohun náà sì jẹ́ èyí tí ó tọ́ kí onílé wò. Ẹ̀kẹta, bí ìwé ìgbélùú yín kò bá gbà yín láàyè láti yá ilé ní England, tí onílé kò sì mọ̀ ṣáájú. Ẹ̀kẹrin, bí onílé bá ti ṣe gbogbo ipa tirẹ̀, tí ẹ̀yin kò sì mú ìwé wá, tí ẹ kò dáhùn, títí ọjọ́ fi kọjá.

Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ó fi £400 lé owó oṣù rẹ̀ nínú ìwé tí ó kọ, nítorí ó ń bẹ̀rù pé wọn kò ní fún un nílé. Wọ́n kọ̀wé sí ibi iṣẹ́ rẹ̀, àṣírí tú. Kò rí ilé, kò rí owó. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tirẹ̀ kò tilẹ̀ tó ọjọ́ mẹ́rin. Nítorí náà, ẹ sọ iye tí ẹ ń gbà gan-an. Bí gbèsè àtijọ́ kan bá wà lọ́rùn yín, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó. Ẹ sì yẹ ìwé ìgbélùú yín wò, kí ẹ rí i pé orúkọ tí ó wà níbẹ̀ bá ti ìwé ìrìnnà yín mu.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí òun ni ó gba àbúrò mi sílẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ní ìdí tí ó dára láti mú owó dání, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí náà sínú ìwé, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí yín láàárín ọjọ́ 7. Bí wọn kò bá kọ ọ́, ẹ̀tọ́ wọn lórí owó náà ti bọ́.

BÍ A TI Ń BÉÈRÈ RẸ̀

Ìyá náà àti àbúrò mi jókòó ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n kọ ìwé kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò gùn, kò ní èébú nínú. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ó sanwó, iye rẹ̀, àti àdírẹ́ẹ̀sì ilé náà. Wọ́n kọ ọjọ́ tí ejẹ́ǹtì pè é pé onílé ti fi ilé fún ẹlòmíràn. Wọ́n ní ọjọ́ 7 ti kọjá, kò sì rí ìwé kankan tí ó sọ ìdí. Wọ́n dárúkọ òfin náà àti ọdún rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n san £300 padà sí báńkì kan náà láàárín ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gbé ẹjọ́ náà síwájú. Wọ́n so ìwé báńkì mọ́ ọn. Ọjọ́ Àtìní ni wọ́n fi í ránṣẹ́. Ní Àlàmísì ọ̀sẹ̀ náà, £300 ti wọlé. Kò sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tí ó ṣàlàyé ohunkóhun.

Kì í ṣe gbogbo ejẹ́ǹtì ni yóò yára bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ kọ ẹ̀sùn sí ọ̀gá wọn. Bí ọ̀sẹ̀ 8 bá kọjá tí ọ̀rọ̀ kò yanjú, tàbí tí wọ́n fún yín ní èsì ìkẹyìn tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ onílàjà. Láti ọdún 2014 ni ó ti di dandan kí gbogbo ejẹ́ǹtì ilé ní England wà lábẹ́ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. The Property Ombudsman ni ọ̀kan, Property Redress ni èkejì. Ayálégbé kì í san kọ́bọ̀ fún wọn. Ẹ bi ejẹ́ǹtì léèrè èyí tí ó wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún lè fi tó àwọn òṣìṣẹ́ Trading Standards létí. Citizens Advice yóò fi ọ̀nà hàn yín, yóò sì gbà yín nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ lè pàṣẹ kí wọ́n dá owó padà, ó sì lè bu owó ìtanràn tí ó tó £5,000 lé wọn. Ọ̀nà mìíràn ni ilé ẹjọ́ tí à ń pè ní First-tier Tribunal, tí ayálégbé fúnra rẹ̀ lè lọ láìní lọ́yà. Òfin tí mo ń sọ yìí, ti England ni. Wales ní tirẹ̀, Scotland náà ní tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gbé níbẹ̀, kí ó béèrè lọ́hùn-ún.

KÍ Ẹ TÓ YỌ OWÓ

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ lọ wo ilé náà pẹ̀lú ojú yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe san owó tútù lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì san án, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ ní kí ejẹ́ǹtì kọ iye owó náà, ọjọ́ tí ó gbà á, àti ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, sínú ìwé kan. Bí wọ́n bá bá yín sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ẹ kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ pé, “Gẹ́gẹ́ bí ẹ ti sọ fún mi lónìí.” Ẹ fi gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ojú kan.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin wa kì í fẹ́ wàhálà ní ìlú onílùú. Wọn a máa ní, “Kí n má sọ̀rọ̀, kí wọn má bàa lé mi.” Ẹ̀yin ìyá, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ kò tọrọ owó ẹlòmíràn. Tiyín ni ẹ ń béèrè.

Àbúrò mi ti rí ilé mìíràn báyìí, ó jìnnà díẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n yàrá méjì ni. £300 kan náà ni ó fi dì í mú. Lọ́tẹ̀ yìí, kí ó tó yọ owó, ìwé ni ó kọ́kọ́ gbà.