Ọjọ́ Kan Láàárín Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń lọ kí ọmọ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láyé òde òní. Bí wọ́n bá débẹ̀, ọmọ á gba ibi iṣẹ́ lọ, àwọn ọmọ-ọmọ á gba ilé-ìwé lọ, ìyá tàbí bàbá á wá jókòó ti fèrèsé bí ẹni tí a fi ṣọ́ ilé. Wọ́n lè lo oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má mọ̀ ju yàrá àti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Bí wọ́n bá padà délé, tí a bi wọ́n pé, "Báwo ni Lọ́ńdọ̀nù ti rí?" ohun tí wọ́n máa ń sọ kò ju pé, "Òtútù wà níbẹ̀."

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ kò gbé wọn. Ẹ̀rù pé àwọn á sọnù ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè ka ojú ìwé yìí ti ní ohun tí ó lè fi jáde nílé. Ẹ jẹ́ kí á wo bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe lè fi ọjọ́ kan rin Lọ́ńdọ̀nù jẹ́jẹ́ nígbà ooru, láìná owó púpọ̀.

Ọjọ́ tí ó gùn

Oṣù Júùnù, Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì ni ìgbà ooru lọ́hùn-ún. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Júùnù, aago 5 òwúrọ̀ kì í tíì lù tí oòrùn á ti yọ, aago 9 alẹ́ á sì ti kọjá kí ó tó wọ̀. Kí ló fà á? Ayé tí à ń gbé yìí kò dúró ṣánṣán bí ó ti ń yí oòrùn po. Ó tẹ̀ díẹ̀. Ní oṣù Júùnù, apá òkè ayé, níbi tí Lọ́ńdọ̀nù wà, ni ó tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ oòrùn. Àwa tí a wà nítòsí agbedeméjì ayé kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán àti òru wa fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lọ́dọọdún.

Nítorí náà, àlejò kò ní í kánjú. Ṣùgbọ́n kí ó máa wo aago, kí ó má ṣe wo oòrùn. Oòrùn ibẹ̀ á sọ pé ó ṣì di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ará ilé ti ń wá a kiri. Kí ó mú súwẹ́tà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti agbòjò dání, nítorí òjò ibẹ̀ kì í ránṣẹ́ kí ó tó dé. Kí ó mú omi dání pẹ̀lú, torí pé ooru ibẹ̀ náà a máa mú nígbà mìíràn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Júláì 2022, ooru ré kọjá ìwọ̀n 40 ní Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí wọn kò rí rí.

Lẹ́tà kan náà ni

Ẹlòmíràn á ní, "Èmi kò kúkú gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a fi ń kọ Yorùbá náà ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àdúgbò wọn. C, Q, V, X àti Z nìkan ni kò sí nínú ábídí wa. Ẹni tí ó bá mọ ojú lẹ́tà lè fi èyí tí ó wà lórí ìwé wé èyí tí ó wà lára ògiri, bí kò tilẹ̀ lè pè é dáadáa.

Kí ọmọ yín kọ nǹkan mẹ́ta sórí ìwé kékeré kan: nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tí ẹ ó wọ̀, orúkọ ibi tí ẹ ó ti sọ̀ kalẹ̀, àti àdírẹ́sì ilé pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Ẹ fi í sápò. Bí bọ́ọ̀sì pupa bá ń bọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ibi tí ó ń lọ wà níwájú rẹ̀ gàdàgbà. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ nínú bọ́ọ̀sì ibẹ̀ mọ́ láti ọdún 2014; káàdì ni ẹ ó fi kan ojú ẹ̀rọ aláwọ̀ ìyeyè tí ó wà nítòsí awakọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ wà pẹ̀lú. Ọdún 1863 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lórí àwòrán ọ̀nà: pupa ni Central, dúdú ni Northern. Bí ọkọ̀ bá dúró, ẹ wo ara ògiri. Ẹ ó rí òrùka pupa kan tí ọ̀pá búlúù dábùú rẹ̀. Inú ọ̀pá búlúù yẹn ni orúkọ ibùdókọ̀ wà. Bí ó bá bá ìwé ọwọ́ yín mu, ẹ sọ̀ kalẹ̀. WAY OUT ni wọ́n ń kọ sí ọ̀nà àbájáde. Ẹ ṣáà máa tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ méjì tí ń gba ẹ̀mí là

Èyí ni kí ẹ fi etí sí jù lọ. Láti ọjọ́ 2 oṣù Éépírì 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá òsì ni wọ́n ń gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ sọdá gẹ́gẹ́ bí ó ti mọ́ ọn lára nílé á kọ́kọ́ wo òsì, ọkọ̀ á sì yọ sí i láti ọ̀tún. Àwọn ará ibẹ̀ mọ èyí, ni wọ́n fi kọ ọ́ sórí ọ̀dà títì pẹ̀lú lẹ́tà funfun ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi ìsọdá: LOOK RIGHT, èyíinì ni, wo ọ̀tún. Níbòmíràn, LOOK LEFT ni, wo òsì. Ẹni tí kò mọ̀wé á tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kọjá ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà á dúró.

Ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé wa dé

Kí a kọ́kọ́ lọ sí British Museum, ilé ńlá tí wọ́n kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jọ sí. Láti ọdún 1759 ni wọ́n ti ṣí i fún gbogbo ènìyàn, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò. Lára ohun tí ó wà lọ́wọ́ wọn ni ère orí ọba kan tí a fi idẹ ṣe. Ilé-Ifẹ̀ ni ó ti wá. Ní ọdún 1938, àwọn kan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé nínú agbo ilé kan nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni ọkọ́ wọn bá kan àwọn ère náà. Ọ̀kan nínú wọn dé Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939. Púpọ̀ nínú àwọn ìyókù wà ní Nàìjíríà. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius ti rí ère Ifẹ̀, kò sì gbà pé àwọn baba wa ni ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lónìí, kò sí ọ̀mọ̀wé tí ń jiyàn rẹ̀ mọ́. Bí àwọn òyìnbó bá kọ orúkọ ìlú náà, Ife ni wọ́n sábà máa ń kọ, láìsí àmì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé á fi àmì sí i fúnra yín.

Láti ibẹ̀, a lè fi ẹsẹ̀ rìn dé Trafalgar Square ní nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Òpó gíga kan wà níbẹ̀, ère Nelson, ọ̀gágun ojú omi, wà lórí rẹ̀, kìnnìún mẹ́rin sì yí ìdí rẹ̀ ká. Bí a bá gba òpópónà Whitehall lọ tààrà, a ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Àwọn àgbà wa tí ń gbọ́ rédíò Lọ́ńdọ̀nù mọ ohùn agogo ibẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1859 ni ó ti ń lù. Ọ̀pọ̀ rò pé ilé ìṣọ́ tí aago náà wà ni Big Ben. Agogo ńlá inú rẹ̀ ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Afárá Westminster kò jìnnà síbẹ̀. Bí a bá sọdá rẹ̀, bẹ́ǹṣì wà lẹ́bàá odò Thames. Níbẹ̀ ni kí a tú mọ́ínmọ́ín tí a dì láti ilé, torí oúnjẹ àdúgbò yẹn gbówó lórí. Ẹ wo omi náà: ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ó ń kún tí ó sì ń fà, nítorí òkun ń tì í wá láti ẹnu odò. Kẹ̀kẹ́ ńlá kan ń yí díẹ̀díẹ̀ nítòsí, tí ó ga ní 135 mítà, ó ń gbé ènìyàn lọ sókè. Owó ni wọ́n fi ń gùn ún, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wíwò.

Bí ọ̀nà bá dàrú

Bí ẹ bá sọ̀ síbi tí kò yẹ, ẹ má ṣe sáré. Ẹ ka orúkọ ibùdókọ̀, kí ẹ fi fóònù pe ọmọ yín, kí ẹ sì pe lẹ́tà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Á mọ ibi tí ẹ wà. Ẹ lè fi ìwé àpò yín han ọlọ́pàá. Abèèrè kì í ṣìnà. Ní ọjọ́ kìíní, kí ọmọ yín bá yín lọ. Ní ọjọ́ kejì, kí ẹ dá lọ dé ibùdókọ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ padà. Ẹ̀yìn náà ni kí ẹ wá lọ jìnnà.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ mú pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ orúkọ yín, àdírẹ́sì ilé yín àti nọ́ńbà fóònù ọmọ yín kan sórí ìwé pélébé. Ẹ kọ ọ́ kí ó hàn kedere, kí ẹni tí kò mọ̀ yín rí lè kà á.