Ṣé O Mọ̀? Hítà Tó Yẹ Yàrá Kọ̀ọ̀kan Nígbà Òtútù

Òtútù ìlú òyìnbó kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ ilé wa. Ọyẹ́ á fẹ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, oòrùn á lé e lọ. Òtútù London àti New York lè wọ inú ilé ní November, kó má jáde títí di March. Kó o tó ra hítà oníná sí yàrá èyíkéyìí, gbọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí ná.

Ṣé o mọ̀ pé ooru tí hítà olówó gọbọi ń fúnni kò ju ti hítà olówó pọ́ọ́kú lọ, bí wáàtì wọn bá ti dọ́gba? Gbogbo iná tó wọ inú hítà ló ń di ooru. Hítà 2,000 wáàtì tí wọ́n tà ní 25 pọ́ùn àti èyí tí wọ́n tà ní 200 pọ́ùn, ooru kan náà ni wọ́n ń mú jáde láàárín wákàtí kan, iye kan náà ni wọ́n sì ń jẹ lórí mítà iná. Ohun tí owó gọbọi ń rà ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹwà, ààbò àti bọ́tìnì tó ń ṣọ́ bí yàrá ṣe gbóná tó.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Salford, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, ló ṣàlàyé bí ooru yìí ṣe ń jáde? James Prescott Joule ni, lọ́dún 1841. Ó fi hàn pé bí iná tó ń gba inú wáyà kọjá bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Rántí èyí nígbà tá a bá dé orí ọ̀rọ̀ extension.

Ṣé o mọ bí a ṣe ń ṣírò owó hítà? 1,000 wáàtì fún wákàtí kan ni yúníìtì kan. Ní October 2025, iye tí Ofgem, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná àti gáàsì, fi lélẹ̀ ní Britain fún yúníìtì iná kan jẹ́ nǹkan bíi 26 pẹ́ńsì. Ní iye yẹn, hítà 2,000 wáàtì á jẹ 52 pẹ́ńsì ní wákàtí kan. Bó bá ń ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, ó ti lé ní pọ́ùn mẹ́rin. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó sún mọ́ 125 pọ́ùn.

Ṣé o mọ̀ pé yúníìtì gáàsì kan lásìkò yẹn kò ju nǹkan bíi 6 pẹ́ńsì lọ? Bí gáàsì ló ń mú ilé rẹ gbóná, tó o sì fẹ́ kí gbogbo yàrá gbóná, gáàsì ni kó o lò. Yàrá kan ṣoṣo tó o wà nínú rẹ̀ ni hítà oníná wúlò fún.

Ṣé o mọ wáàtì tí yàrá rẹ ń fẹ́? Fi gígùn rẹ̀ lọ́nà fífẹ̀ rẹ̀, kó o wá fi 100 lọ́nà iye tó bá jáde. Yàrá tó gùn ní mítà 4, tó fẹ̀ ní mítà 3, jẹ́ 12. 1,200 wáàtì á tó o. Bí òrùlé rẹ̀ bá ga, tàbí tí fèrèsé ń gba atẹ́gùn wọlé, sún un dé 1,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé o wá rí i pé irọ́ ni ìpolówó hítà kékeré oní 400 wáàtì tí wọ́n ní ó lè mú gbogbo ilé gbóná? Ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó sídìí tábìlì ló lè mú gbóná.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Ooru lè dọ́gba, àmọ́ bó ṣe ń dé ara ẹni yàtọ̀ síra.

Ṣé o mọ̀ pé òróró inú hítà olóróró kì í jó, kì í tán, a kì í sì í rọ òmíràn sí i? Ó máa ń pẹ́ kó tó gbóná, ṣùgbọ́n kì í pariwo, ooru rẹ̀ sì máa ń wà fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tó o bá pa á. Yàrá tí a ń sùn ló yẹ: tàn án kó o tó wọlé sùn, pa á nígbà tó o bá fẹ́ dùbúlẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé hítà onífáànù ló ń yára jù? Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, yàrá kékeré á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kó yẹ ibi tí ọmọdé ń sùn sí.

Ṣé o mọ̀ pé hítà tó ń pọ́n yòò kì í dúró de afẹ́fẹ́ kó gbóná? Ara ẹni tó bá kọjú sí i ló ń mú gbóná tààrà. Ó yẹ ibi tó fẹ̀ tàbí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, bíi gáréèjì. Bó o bá kúrò níwájú rẹ̀, òtútù á tún padà.

Ṣé o mọ̀ pé kì í sábà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì hítà nínú balùwẹ̀ ní Britain? Omi àti iná kò jọ ń gbé. Hítà tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀ nìkan ni kó o lò, kí oníṣẹ́ iná kàn án mọ́ ògiri. Má ṣe fa wáyà wọ ibẹ̀ láéláé.

Ṣé o mọ̀ pé yàrá ọmọ ìkókó kò gbọ́dọ̀ gbóná jù? Láàárín 16 °C sí 20 °C ni wọ́n ń dámọ̀ràn ní Britain. Ìyá àgbà tó wá tọ́jú olómọ lè fẹ́ kí yàrá gbóná janjan, kó sì tún fi aṣọ di ọmọ. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ooru àpọ̀jù wà lára ohun tó ń mú kí ikú òjijì ọmọ ìkókó lójú oorun túbọ̀ ṣeé ṣe. Ní ti àgbàlagbà, má jẹ́ kí yàrá wọn tutù ju 18 °C lọ.

Ṣé o mọ̀ pé bíríkì ló wà nínú àpótí ńlá tó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ fúláàtì tí kò ní gáàsì? Lóru ni bíríkì náà ń gba ooru, nígbà tí iná bá pọ́ọ́kú, á wá máa tú u sílẹ̀ lójú ọ̀sán. Bọ́tìnì méjì ló sábà máa ń ní: ti gbígbà àti ti títú sílẹ̀. Bó o bá ṣí ti títú sílẹ̀ lóru mọ́jú, ooru ti lè tán kó o tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ṣé o mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì Britain kò lè gbé ju nǹkan bíi 3,000 wáàtì lọ? Fíúsì inú rẹ̀ jẹ́ 13 amp. Hítà 2,000 wáàtì méjì lórí extension kan ti di 4,000. Ìṣirò Joule á wá ṣẹ lára wáyà: òun náà á gbóná, pàápàá bó bá ká jọ. Ara ògiri ni kó o ki púlọ́ọ̀gì hítà bọ̀ tààrà.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Bronx, New York, ní January 9, 2022? Hítà oníná kan tó wà nínú yàrá ló dá iná sílẹ̀ ní ilé Twin Parks. Ènìyàn 17 ló kú, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń gbé ilé náà ló wá láti Gambia. Iná náà kò tàn ká ilé, èéfín ló pa wọ́n. Ilẹ̀kùn tó yẹ kó ti ara rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, èéfín sì gba ojú àtẹ̀gùn lọ sókè. Bí iná bá ṣẹ́ yọ nílé rẹ, jáde, kó o sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé mítà kan ló yẹ kó wà láàárín hítà àti kọ́tìnì, bẹ́ẹ̀dì tàbí àga? A kì í sá aṣọ sórí rẹ̀. Bó o bá ń ra tuntun, béèrè èyí tó ń kú fúnra rẹ̀ bó bá ṣubú tàbí tó bá gbóná jù.

Ṣé o mọ̀ pé bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná kì í sábà ju 100 wáàtì lọ? Ní iye October 2025, wákàtí mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 21 pẹ́ńsì. Bó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan ni òtútù ń mú, mú ara rẹ gbóná, fi ògiri sílẹ̀.

Lálẹ́ òní, lọ wo hítà ilé rẹ. Bí kọ́tìnì bá sún mọ́ ọn, gbé hítà náà jìnnà sí i. Bó bá wà lórí extension, yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, pe ẹni rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé, kó o sọ fún un pé kó pa hítà kó tó sùn.