Iṣẹ́ olùkọ́ fásitì ò parí sí kíláàsì

Tí a bá ń dárúkọ àwọn tó gbé ìjọba àwa-ara-wa kalẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn òṣèlú ni a máa ń kọ́kọ́ dá. Ọwọ́ àwọn olùkọ́ fásitì sì wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1989, owó oṣù ò jáde mọ́, owó ìrànwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀, wọn ò wọ kíláàsì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé òun ti jáwọ́ nínú ìlànà Marx àti Lenin. Ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè sì wáyé ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990. Robert Dossou, olùkọ́ òfin, ló darí ìgbìmọ̀ tó ṣètò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Albert Tévoédjrè, ọmọ Àjàṣẹ́, ló jábọ̀ ìpàdé náà. Maurice Ahanhanzo-Glélé, olùkọ́ òfin bákan náà, wà lára àwọn tó kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun. Lẹ́yìn náà, Dossou, Théodore Holo àti Joseph Djogbénou, olùkọ́ òfin ni gbogbo wọn, jẹ olórí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà ní Ouando, ǹjẹ́ ó mọ ohun tí òfin náà sọ nípa ẹ̀tọ́ rẹ̀? Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Ní ọdún 2013, ìjọba dá fásitì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Kétu, láàárín oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ìwádìí tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀, ó yẹ kí àgbẹ̀ tó wà nítòsí gbọ́ ọ ní èdè tirẹ̀.

Kí ló fà á tí èyí fi ṣọ̀wọ́n? Àjọ CAMES ló ń gbé olùkọ́ fásitì ga ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Faransé, àpilẹ̀kọ inú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ló sì wúwo jù lójú wọn. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ bá sọ lórí rédíò ní èdè wa kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ìṣirò.

Ohun tí a ń bèèrè kò ju báyìí lọ: kí wọ́n ka iṣẹ́ yẹn mọ́ iṣẹ́. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa náà máa wá sí abúlé, ẹ kọ́ wa, kí ẹ sì gbọ́ tiwa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.